Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Iná Àjà Wo Ló Yẹ Yàrá Wo?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ń parí ilé wa lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì ti kan iná tí a ó fi sí òkè àjà. Ọkọ mi ní kí á ra irú kan náà fún gbogbo yàrá kí ilé lè bára mu, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé ohun tó yẹ pálọ̀ lè má yẹ yàrá ìbùsùn àti ilé ìdáná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lóye.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ẹ ó gbé ibẹ̀ pẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín kò burú, nítorí pé gíláàsì tàbí irin tí wọ́n fi ṣe ara iná lè jọra láti yàrá dé yàrá kí ojú ilé sì gún régé. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti inú rẹ̀ kò yẹ kó rí bákan náà, torí pé ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iná tó yẹ ibẹ̀.

Ẹ máa ka ara páálí gílóòbù kí ẹ tó sanwó. Iye iná mànàmáná tí gílóòbù ń jẹ ni wáàtì ń sọ. Lumen ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó. Gílóòbù àtijọ́, èyí tí wáyà tín-ín-rín máa ń pọ́n nínú rẹ̀, ń jẹ 60 wáàtì kó tó mú nǹkan bíi 800 lumen jáde, nígbà tí LED ń mú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú wáàtì 8 sí 10 péré. Kelvin ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: 2700 sí 3000 máa ń pọ́n díẹ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, 4000 funfun, 6500 sì funfun débi pé ó ń fà sí àwọ̀ aró.

Láti mọ iye lumen tí ẹ nílò, ẹ wọn gígùn àti ìbú yàrá. Yàrá ìbùsùn tó gùn ní mítà 4, tó sì fẹ̀ ní mítà 3, jẹ́ mítà 12 níbùú lóròó. Bí ẹ bá fún mítà kọ̀ọ̀kan ní 100 sí 150 lumen, 1,200 sí 1,800 yóò tó yàrá náà. Ilé ìdáná tí kò tóbi jù ú lọ nílò tó 300 fún mítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 3,600. Ẹ fi kún un bí ògiri bá dúdú tàbí bí àjà bá ga, nítorí pé ọ̀dà dúdú a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì.

Ilé ìdáná ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀bẹ àti omi gbígbóná wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé ti máa ń fi iná kan ṣoṣo sí àárín àjà. Ẹni tó bá dúró ti tábìlì tí wọ́n ti ń gé nǹkan ti kẹ́yìn sí iná náà, òjìji ara rẹ̀ a sì bo ohun tó ń gé gan-an. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná to iná kéékèèké sí ọ̀gangan etí tábìlì náà, tàbí kí ẹ fi iná tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù òkè kún iná àárín. Ẹ yan 4000 Kelvin, kí ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń pè ní CRI lára páálí: bó bá ti tó 90, àwọ̀ ẹran àti ewébẹ̀ yóò hàn bó ṣe rí gan-an.

Ní yàrá ìbùsùn, ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ kọ òkè, nítorí náà ẹ má ṣe fi gílóòbù tó wà níhòòhò síbẹ̀; ẹ lo èyí tó ní ìdérí tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Ẹ má ṣe kọjá 2700 Kelvin, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń fà sí àwọ̀ aró máa ń dí melatonin tí ara ń pèsè lálẹ́ fún oorun lọ́wọ́. Súwíìṣì méjì, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kì í ṣe àṣejù rárá. Ní pálọ̀, ẹ pín iná sórí súwíìṣì méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ lè tan díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì tan gbogbo rẹ̀ nígbà tí àlejò bá dé.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Gílóòbù ilé ìwẹ̀ wa kì í pẹ́ bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ LED ni, wọ́n sì sọ pé LED máa ń lò pẹ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rinrin tàbí ooru. Ẹ yẹ ara iná náà wò bóyá IP44 tàbí èyí tó jù ú lọ wà níbẹ̀; IP ni àmì tó ń sọ bí ara iná ti lè dènà eruku àti omi tó. IP65 ló dára fún òkè ibi tí omi ti ń tú sára ènìyàn gan-an. Bó bá jẹ́ inú ìdérí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá ni gílóòbù náà wà, ooru á sé mọ́ ọn nínú, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná nínú LED kò sì lè fara da ooru bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ wá gílóòbù tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé ó ṣeé lò nínú iná onídèérí. Bó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti ń fá irùngbọ̀n tàbí tọ́jú ojú, ẹ fi iná kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dígí, torí iná òkè nìkan máa ń da òjìji sábẹ́ ojú àti àgbọ̀n.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi iná àti fáànù sí àjà yàrá kan náà?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí iná náà bá wà lábẹ́ abẹ̀bẹ̀ fáànù tàbí tó jìnnà sí ibi tí abẹ̀bẹ̀ ń dé. Iná tó bá wà lókè abẹ̀bẹ̀ yóò máa ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí fáànù bá ń yí, èyí sì máa ń rẹ ojú. Abẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ ní mítà 2.1, ó kéré tán. Ẹ má sì ṣe gbé fáànù tàbí iná tó wúwo kọ́ sára pákó àjà lásán; inú kọnkéré tàbí igi òrùlé ni kí ìkọ́ rẹ̀ ti di mú.