Àbúrò mi ni wọ́n sọ di sítíkà

Ìbàdàn ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá. Ọmọbìnrin tó kọ ọ́ ní àbúrò òun ọkùnrin ní àìsàn bipolar, àìsàn ọpọlọ tó máa ń gbé ọkàn èèyàn sókè kọjá ààlà, tó sì tún máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àìsàn náà gbé e, ó bọ́ sí títì ní Mókọ́lá tòun ti ṣòkòtò péńpé, ó ń darí ọkọ̀ bíi ọlọ́pàá ojú pópó. Ẹnì kan yà á ní fídíò. Wọ́n fi orin sí i, wọ́n gé e kúrú, ó sì di sítíkà lórí WhatsApp: ọmọ náà na ọwọ́ sókè, wọ́n kọ "Yaba left" sábẹ́ rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin yìí ló máa ń fi sítíkà náà ránṣẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ wọn, kò sì mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà a sì máa fi ẹ̀rín dá a lóhùn kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ara àbúrò ti balẹ̀ báyìí, ó ní kí wọ́n dá fóònù òun padà. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sì ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n sọ fún wọn ni, àbí kí n gbẹ́nu dákẹ́?"

Ọmọ mi, má fi ẹ̀rín tí o fi ránṣẹ́ yẹn jẹ ara rẹ níyà. Mo mọ ohun tí ò ń sá fún. Nílẹ̀ wa, kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n á ti wádìí dé ẹ̀yìnkùlé: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ àwọn olùwádìí yẹn lo ń gbọ́ tí o fi ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ mọ́.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wo wèrè á dé ọjà kó tó rí i, bó bá sì wò ó tán, á gba ilé lọ. Nísinsìnyí, àpò ni wọ́n ń gbé e sí. Àbúrò rẹ ti lo oògùn, ó ti sùn, orí rẹ̀ ti pé, síbẹ̀ ó ṣì ń darí ọkọ̀ nínú fóònù àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Èmi náà ń rí irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí X àti Instagram. Òjò rọ̀ láàárọ̀, oòrùn ràn lọ́sàn-án, ẹnì kan á ní ojú ọjọ́ Èkó ní bipolar. Ẹni tó to bàtà rẹ̀ sí ọ̀wọ́ á ní OCD, àìsàn ọpọlọ tí èrò kan tàbí ìṣe kan kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi, ló ń da òun láàmú. Ìwọ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń rí. O kọ ọ́ pé odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má fojú ba oorun, tí kò sì rẹ̀ ẹ́. Pé ọ̀rọ̀ ń gorí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Pé ó gbé owó ilé tó yẹ kó san, ó fi ta ọlọ́kadà lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà ló wá di ẹni tí kò lè dìde lọ wẹ̀.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe sọ orúkọ ilé ìwòsàn di èébú. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá l'Ékòó, tí wọ́n ń tọ́ka sí nínú "Yaba left", ti wà. Ní Aro, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ìbátan kan á tẹ̀lé aláìsàn wá, wọ́n á gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á sì padà sáàárín àwọn àgbẹ̀. Àwọn ará abúlé ò sá fún wọn o.

Ó dáa, ká bọ́ sórí ohun tí o máa ṣe. Kí fóònù tó dé ọwọ́ àbúrò rẹ, ẹnu rẹ ni kó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Má jẹ́ kó bá a pàdé lóun nìkan láàárín òru. Má sì sọ ọ́ fún un lálẹ́, torí àìsùn wà lára ohun tó máa ń jí bipolar dìde. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà ni kí o sọ ọ́, láàárọ̀, kí ẹ lè jọ gbé e dé iwájú dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n.

Fídíò ńkọ́? Ibi tí ẹ bá ti rí i, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni ojú òpó náà. Alábòójútó ẹgbẹ́ WhatsApp lè pa sítíkà rẹ́ nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn ti fi pamọ́ sórí fóònù tirẹ̀, ọwọ́ yín ò lè tó o. Mi ò ní tàn ọ́, kò ní tán pátápátá. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun wà, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2023, tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Bí àbúrò rẹ bá fẹ́ ṣẹjọ́, ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Òun ni kó fẹ́ ẹ, kì í ṣe ìwọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yín. Ìtàn ọmọ náà ni, má sọ ọ́ láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ ọ́ ṣókí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ sítíkà yìí dúró. Ara ẹni yìí ò yá lọ́jọ́ tí wọ́n yà á." Bí wọ́n bá ní kí ló kàn ọ́, o ò jẹ wọ́n ní èsì.

Ti àfẹ́sọ́nà yàtọ̀. Ó yẹ kó mọ̀ ṣáájú mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, bí àbúrò rẹ bá ti gbà. Ojúkojú ni kí o ti sọ ọ́, kì í ṣe lórí fóònù. Ojú á tì í, ó sì lè bínú pé o ń wo òun níran. Gbà fún un, ó jàre níbẹ̀. Á béèrè bóyá àìsàn náà ń bá ìdílé rìn. Má purọ́ fún un: ó lè bá ìdílé rìn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ìyá ẹni tó ní in kì í ní in. Bó bá wá ní àwọn òbí òun ò ní gbà, béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ wí, kí o sì gbọ́ èsì rẹ̀ kí ẹ tó lọ yan aṣọ ẹbí.