Lórí CD34 àti VEGF inú rìsọ́ọ̀tì màmá yín

Àǹtí mi, ẹ kú aájò màmá. Ẹ ní wọ́n kọ VEGF pọ́sítíìfù sínú rìsọ́ọ̀tì jẹjẹrẹ àpò òróòro wọn, pé CD34 fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn?

CD34 ni wọ́n fi ń kun iṣan ẹ̀jẹ̀ láwọ̀ kí wọ́n lè kà á lábẹ́ máíkíróskóòpù. VEGF, jẹjẹrẹ ló ń tú u jáde láti fi pe iṣan tuntun wá bọ́ ọ. Lóòótọ́, ìwádìí fi hàn pé èyí tí iṣan ẹ̀ bá pọ̀ sábà máa ń le jù, àmọ́ òun kọ́ ni wọ́n fi ń pinnu ìtọ́jú. Ibi tí jẹjẹrẹ náà wọnú dé, bóyá ó ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí lymph node (àwọn kókó kéékèèké tó ń gbógun ti àrùn nínú ara), bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́, tí kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀ mọ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ bi wọ́n.

Ti bàbá wa, ojú mi rí màbo. Òkúta òróòro ni wọ́n ní ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n yọ àpò ẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì gbé e fún mi nínú ike bọ́tà, omi lásán ló wà ńbẹ̀, ní Jímọ̀, pé kí n gbé e lọ láàbù n'Íbàdàn. Mo wọkọ̀ ní Tákíè, ọkọ̀ bàjẹ́ ká tó dé Ọ̀yọ́, mo débẹ̀ wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ìyàwó ilé tí mo sùn sí kọ̀ kí n gbé e sí fíríìjì, mi ò bá a jà. Ní Mọ́ńdè, ọkùnrin láàbù ṣí ìdérí, kíá ló dé e padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kí rìsọ́ọ̀tì tó jáde pé jẹjẹrẹ ni, ojú bàbá ti pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ wọn dà bíi zobo, kóòmù ni wọ́n fi ń họ ẹ̀yìn lóru. Dókítà àgbà ò tiẹ̀ wo ojú mi, ó ní a pẹ́ jù. Ta ló pẹ́? Ó wá ní ká tún lọ kun CD34! Owó yẹn dùn mí, kò yí nǹkan kan padà.

Ẹni tó ṣì fẹ́ ṣe ọpẹréṣọ̀n, fọ́málìn (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà) ni kí wọ́n fi ẹran tí wọ́n bá gé sí o, kì í ṣe omi, kó tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Alágbo tó ń ní ibà pọ́njú lásán ni, ẹ sá fún un. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta abẹ́rẹ́ bevacizumab, tó ń dí VEGF lọ́wọ́, fún yín torí VEGF, ẹ má dá a lóhùn, oògùn kẹ́mò gemcitabine àti cisplatin ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀bẹ ò bá lè mú un kúrò.

Ẹ béèrè búlọ́ọ̀kù oníìda màmá, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ẹran tí wọ́n gé sí, lọ́wọ́ láàbù, kí dókítà míì lè tún un wò. Ti bàbá wa ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.