Gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì: ọwọ́ ta ló ń fi owó kún owó?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Àfáà wa. Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé ní Òṣogbo níbí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta la máa ń ra ohun èlò ilé ayé àtijọ́ ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì: áyọ́ọ̀nù eléèédú, ẹ̀rọ ìránṣọ Singer, giramafóònù, rédíò àtijọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. A máa ń kó àwọn kan pamọ́, a sì máa ń ta àwọn kan. Àdéhùn wa ni pé bí ọ̀kan nínú wa bá ti fi owó lé ọjà, àwọn yòókù kò ní fi kún un. Bí ó bá sì jẹ́ èmi ni mò ń tà, àbúrò mi máa ń bá mi fi owó díẹ̀ kún un kí ọjà má baà kú. Bá a ṣe ta fìríìjì oníkẹrosíìnì kan fún ẹnì kan ní Iléṣà lóṣù tó kọjá nìyẹn. Ìyàwó mi ní ìnákúnàá ni gbogbo rẹ̀. Ṣé gbàǹjo yìí bá ẹ̀sìn mu? Ṣé sàká wà lórí àwọn ẹrù náà?

ÌDÁHÙN: Wà àlékúmù sàláàmù. Àwọn nǹkan tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ojú mi rí wọn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè wọ́n ní ohun àtijọ́. Áyọ́ọ̀nù tí ìyá mi fi ń lọ aṣọ Jímọ̀ọ̀, àkùkọ kékeré kan ló wà lórí ìdérí rẹ̀. Èmi ni mo máa ń fẹ́ná sí i lẹ́yìnkùlé kí eérú má baà ta sí agbádá bàbá mi. Nítorí náà, mi ò ní bú yín pé ẹ fẹ́ràn wọn.

Gbàǹjo fúnra rẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀. Imam Bukhari ya orí kan sọ́tọ̀ fún un nínú àkójọ hadiisi rẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ Ata ọmọ Abi Rabah, onímọ̀ Mẹ́kà àtijọ́, wá níbẹ̀, ẹni tó sọ pé òun bá àwọn èèyàn tí wọn ò rí aburú nínú kí wọ́n ta ọrọ̀ ogun fún ẹni tó bá fi owó kún un jù. Ẹ ó tún gbọ́ hadiisi Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, tó wà nínú àkójọ Abu Dawud. Ọkùnrin kan nínú àwọn Ansar, àwọn ará Mẹ̀dínà tó gba Ànábì sílé, wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Aṣọ kan àti ife kan péré ló ní nílé. Ànábì gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè pé ta ni yóò rà wọ́n. Ẹnì kan ní òun á san dírámù kan (owó fàdákà ayé ìgbà náà). Ó ní ta ni yóò fi kún un? Ẹlòmíràn san méjì, ó sì tà wọ́n fún un. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ọ̀kan ra oúnjẹ, kó fi ìkejì ra àáké, kó lọ máa ṣẹ́gi tà. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ọ̀nà tí ẹ̀gbàwá yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò lágbára tó, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé ọ̀rọ̀ lé òun nìkan. Ẹ kíyè sí i pé ohun èlò ilé náà ni wọ́n tà lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́dún 1993, àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jókòó ní Brunei lórí ọ̀rọ̀ gbàǹjo. Wọ́n ní ó tọ́, owó ìdánilójú tí wọ́n bá sì gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò rí ọjà náà rà gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀. Gbàǹjo tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ bọ́tìnnì, bóyá ó rí ọjà rà tàbí kò rí, tẹ́tẹ́ ni. Ẹ ka Suuratul-Maaida, ẹsẹ 90.

Ẹlòmíràn máa ń ní: ṣé kì í ṣe Ànábì ló kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má nájà lórí èyí tí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ń ná? Òun ni. Àmọ́ ìyẹn jẹ́ nígbà tí ọkàn olọ́jà bá ti balẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Ní gbàǹjo, ọjà wà fún gbogbo ayé títí aago yóò fi lù. Ẹni tó dúró di ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó kù kó tó yọjú kò dẹ́ṣẹ̀, bó tilẹ̀ ń dun ẹni tó ti ń ṣọ́ ọ láti àárọ̀. Ẹ̀rọ eBay, ojúlé gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, máa ń bá èèyàn fi owó kún un díẹ̀díẹ̀ títí dé iye tó bá dá fún un. Wakíìlì yín, ìyẹn aṣojú yín, ló ń ṣe yẹn, kò burú. Èyí tó burú ni pé kí gbàǹjo ti parí, kí ẹnì kan ti jáwé olúborí, kí ẹ wá yọ́ kọ̀wé sí olọ́jà pé, “Má tà á fún un, màá san jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ohun tí Ànábì kọ̀ gan-an nìyẹn.

Ti àbùkù ara ọjà náà ńkọ́? “Bó ṣe wà ni mo ṣe tà á” kò wẹ ẹ̀bi nù lára ẹni tó mọ ibi tó ti bàjẹ́. Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó kan omi nísàlẹ̀, ó ní kí ló dé tí wọn ò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn rí i, ó ní ẹni tó bá tan èèyàn jẹ kò sí lára òun. Nínú òwò tiyín, iná ni ẹ kọ́kọ́ ní láti sọ. Kenwood Chef, ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun tó jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 1950 lè jẹ iná tiwa. KitchenAid, irú ẹ̀rọ kan náà tó ti Amẹ́ríkà wá, iná fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún, iná wa sì jẹ́ fóòtì 230. Bí ẹni tó rà á bá tì í bọ ògiri láìsí tiransifọ́mà, èéfín ló kù. Bí ẹ bá mọ̀, tí ẹ ò sì kọ ọ́ sára ìpolówó yín, ẹ ti tà á pẹ̀lú omi nísàlẹ̀.

Ìyàwó yín ò ṣìsọ, bó bá jẹ́ pé owó oúnjẹ àti owó iléèwé ló ń lọ síbẹ̀, tàbí ẹ ń yáwó elélèé fi rà á. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kíkó ohun àtijọ́ jọ kì í ṣe haraamu. Àmọ́ ẹ ka áyọ́ọ̀nù tí ẹ ní, kí ẹ sọ iye rẹ̀ fún un.

Sàká kò sí lórí èyí tí ẹ rà láti fi pamọ́ tàbí láti lò. Èyí tí ẹ rà pẹ̀lú èrò àtità lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ọjà ni. Bí iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, pẹ̀lú owó ọwọ́ yín, bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ọdún sì yí po, ẹ yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú màsíábù Màlíkì, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn Imam Malik tí à ń tẹ̀ lé níbí, ẹni tó rà á tó jókòó tì í títí yóò fi wọ́n, ìgbà tó bá tà á ni yóò yọ ti ọdún kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà tí ẹ ń tà kò sí nínú ìyẹn, ọdọọdún ni tiyín.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun méjì tí ẹ sọ láàárín ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, nítorí àwọn gan-an ni ìṣòro.

Àdéhùn ẹ̀yin mẹ́rin. Khalil, onímọ̀ màsíábù Màlíkì, sọ nínú Mukhtasar, ìwé òfin ẹ̀sìn rẹ̀, pé èèyàn lè bẹ ẹnì kan nínú àwọn olùrà pé kó má fi kún un mọ́, àmọ́ kò lè bẹ gbogbo wọn. Àwọn tó túmọ̀ ìwé náà ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dà bíi gbogbo wọn, ẹnì kan tí gbogbo ọjà ń wojú rẹ̀ sì dà bíi gbogbo wọn pẹ̀lú. Bí ọgọ́ta èèyàn bá ń du giramafóònù kan, dídákẹ́ ẹ̀yin mẹ́rin kò pa olọ́jà lára. Àmọ́ ká ní opó kan níhìn-ín gbé ẹ̀rọ Singer ọkọ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára, tó sì jẹ́ ẹ̀yin mẹ́rin nìkan lẹ mọ ohun tó tó. Gbogbo ọjà ni yín nígbà yẹn. Ẹ ti jẹ nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ tú àdéhùn náà ká.

Àbúrò yín. Ibn Umar, sàábé Ànábì, gbà á wá, ó wà nínú àkójọ hadiisi Bukhari àti ti Imam Muslim, pé Ànábì kọ̀ nájaṣì: kí ẹni tí kò fẹ́ ra ọjà máa fi owó kún un láti tan ẹni tó fẹ́ rà. “Kí ọjà má baà kú” kì í ṣe àwáwí. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó lọ ní ọ̀pọ̀, ẹ kọ iye tí owó yóò ti bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ kedere, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti fìríìjì yẹn, ẹni tó rà á ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Bí fìríìjì náà ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, iye tó tọ́ sí i nìkan ló jẹ yín, ẹ dá èyí tó lé padà fún un. Iléṣà ò jìnnà. Ẹ lọ bá a, ẹ mú àbúrò yín dání, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún un. Bó bá ní òun gbà á bẹ́ẹ̀, ó ti parí. Bó bá ní òun ò fẹ́ mọ́, ẹ kà owó rẹ̀ fún un pé pérépéré, ẹ̀yin náà ni kí ẹ san owó ọkọ̀ tí yóò gbé fìríìjì náà padà sí Òkè-Baálẹ̀.