Èsì: Ìdí tí olówó fi ń ná owó ńlá lórí mọ́tò tí kò wọ́pọ̀

Ará Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní kí ló ń ṣe olówó tó fi ń kó owó rẹpẹtẹ lé mọ́tò àtijọ́ tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, àti pé ṣé Peugeot 504 bàbá yín náà lè pa irú owó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹlòmíràn ò lè rí rà mọ́ ni wọ́n ń rà. Ẹ wo mọ́tò kan tó ń jẹ́ Ferrari 250 GTO, 36 péré ni wọ́n ṣe láàárín 1962 sí 1964. Owó kan ò lè sọ ọ́ di 37. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, àfi kó lọ bẹ ẹni tó ti ní i. Wọ́n ta ọ̀kan ní 2018, ó lé ní mílíọ̀nù 48 dọ́là.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n nìkan kọ́. Bí èèyàn méjì ò bá jọ ń dù ú, irin lásán ni. GTO yẹn, mọ́tò eré ìje ni, ó ní ìtàn. Ìwé rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé, kí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá ti ìwé mu.

Ibẹ̀ ni 504 ti yàtọ̀. Wọ́n ṣe é ju mílíọ̀nù 3 lọ, wọ́n tiẹ̀ tò ó ní Kàdúná níbí pàápàá. Tiwa l'Ádó, mẹkáníìkì ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ikán sì ti jẹ ìwé rẹ̀ nínú àpótí. Ẹni tó wá wò ó kẹ́yìn, bó ṣe wúwo tó ló ń béèrè!

Bí ẹ́ńjìnnì tó bá tiyín wá bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má kánjú tà á. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé tí bàbá fi rà á.