Nígbà tí ẹkún bá sé ọmọ léèémí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi pé oṣù 14. Bí a bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, á ké lẹ́ẹ̀kan, á ya ẹnu, ohùn kò ní jáde mọ́. Ètè rẹ̀ á dúdú, á sì rọ mọ́ mi lọ́wọ́ bí aṣọ tútù. Ìyá ọkọ mi ní gìrì ni. Wọ́n máa ń ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á sì da omi sí i lára. Ṣé kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́? (Ìyá Zainab, Ọjà-Ọba, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ìyá Zainab, ẹ kú ìpayà. Ohun tí ẹ ròyìn yìí kò jọ gìrì. Èémí ló ń sé e nínú ẹkún. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí ọdún 2, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sì ti bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 6. Inú bí ọmọ, ó fi gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ ké, kò sì fa òmíràn wọlé. Kì í ṣe agídí, kì í ṣe ọgbọ́n tó ń ta: kò mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Bó bá ti dákú, ara fúnra rẹ̀ yóò mú un mí padà, kì í sì í sábà pé ìṣẹ́jú 1. Kì í ba ọpọlọ jẹ́.

Ọwọ́ àwa àgbà ni ẹ̀rù ń bà wá jù. Ṣíbí lè ṣẹ́ eyín tàbí kó ya ẹran ẹnu rẹ̀. Omi lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Jíjù ú mì tìtì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ, èyí tó burú ju dídákú náà lọ lọ́nà púpọ̀. Kódà gbígbé e dúró lóòró kò dára, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ní tètè dé orí rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹní, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ gbé sítóòfù, ìkòkò gbígbóná àti àpótí kúrò nítòsí. Bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu rẹ̀ tí ojú yín rí i, ẹ fi ìka yọ ọ́. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ má fọwọ́ wá a. Kí ẹnì kan wo aago fóònù, torí nínú ìpayà, ìṣẹ́jú-àáyá 20 a máa dà bí ìdajì wákàtí. Bí ìṣẹ́jú 1 bá kọjá tí kò sì mí, ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀díẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi gbé sókè, kí ẹlòmíràn wá mọ́tò lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bó bá jẹ́ pé ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí ló ń jẹ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan há a lọ́fun. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí itan yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀ 5.

Ẹ bá wa sọ èyí fún Màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀: gìrì kì í dúró de ẹkún. Ó lè mú ọmọ lójú oorun tàbí nígbà ibà, ara á kọ́kọ́ máa gbọ̀n kí àwọ̀ tó yí padà, oorun á sì kùn ún pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ti Zainab, ẹkún ló ń ṣáájú, àwọ̀ á yí, ara á wá rọ. Ara rẹ̀ lè gbọ̀n díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá lè fi fóònù ya fídíò rẹ̀, yóò ran dókítà lọ́wọ́ ju àròyé lọ. Ẹ gbé ọmọ lọ kíákíá bí kò bá tíì pé oṣù 6, bí ó bá ṣẹlẹ̀ láìsí ẹkún tàbí ìrora, tàbí bí kò bá tètè padà sípò.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi kì í tilẹ̀ ké. Ọmọ ọdún 2 ni. Ó forí gbálẹ̀ díẹ̀, ó funfun, ó ṣubú. (Bàbá Tádé, Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Oríṣi kejì nìyẹn. Ìrora tàbí ẹ̀rù òjijì ló mú kí ìlù ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lára àwa tí a dúdú, inú ètè àti àtẹ́lẹwọ́ ni ẹ ó ti rí funfun náà. Bákan náà ni ìtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ìlù ọkàn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, pàápàá bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ti kú lójijì ní èwe, tàbí bí ọmọ náà bá ti dákú níbi tó ti ń sáré.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọmọ mi kò tó, òun ló ń sé e léèémí. Ṣé kí n ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́mísì? Wọ́n tún dárúkọ àgbo ìtọ̀ màlúù. (Ìyá Àgbà, Òmù-Àrán)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ọmọ tí èròjà áyọ́ọ̀nù (iron, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) kò tó lára rẹ̀ ni èyí máa ń yọ lẹ́nu jù, bí wọ́n bá sì fún un, ó sábà máa ń dínkù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìwọ̀n ara ni dókítà fi ń ṣírò rẹ̀: ní mílígíráàmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ọmọ kílò 10 yóò gba 30, fún oṣù mélòó kan. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Bí genotype rẹ̀ bá jẹ́ SS, ẹ má fún un láìjẹ́ pé dókítà pàṣẹ. Ẹ sì gbé oògùn náà sókè, torí bí ọmọ bá mu púpọ̀, ó lè pa á.

Ẹ fún un ní ẹ̀dọ̀ sísè tí a gún, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí ọsàn tẹ̀lé e. Ògì lásán kò tó. Ẹ má jẹ́ kí wàrà àti mílíìkì gba ipò oúnjẹ, kí ẹ má sì fún un ní tíì. Àgbo ìtọ̀ màlúù kò yẹ ọmọ rárá: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di aláìmọ ara.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kí a kàn máa fún un ní gbogbo ohun tó bá ń ké fún ni? (Bàbá Ìbejì, Àjàṣẹ́-Ìpo)

ÌDÁHÙN: Rárá. Bí ẹ bá rí i pé inú ń bí i, ẹ fi nǹkan mìíràn fa ojú rẹ̀ kí ẹkún tó le. Bó bá jí, ẹ gbé e mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ má dá ọ̀bẹ tí ẹ gbà padà fún un, ẹ má sì nà án. Ẹ sọ fún àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n má baà da omi lé e lórí.