Wáyà tó wọ ihò kọ́ ni wáyà tó máa ṣiṣẹ́

Àbúrò mi, o ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù, kọ̀ǹpútà àti telifíṣọ̀n, o wá ń bèèrè bóyá o gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ọjà orí àtẹ kí o tó débẹ̀. Rárá o. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, torí ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan wọlé. Ó ní òun ń wá wáyà tí òun máa fi so láptọ́ọ̀pù òun mọ́ mọ́nítọ̀ ńlá kan, torí òun fẹ́ fi iṣẹ́ han àwọn ọ̀gá òun lọ́jọ́ kejì. Ihò USB-C, ihò kékeré pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣájì ọ̀pọ̀ fóònù tuntun, ló wà lára àwọn méjèèjì. Mo na ọwọ́, mo mú wáyà tó ní orí USB-C lọ́tùn-ún lósì, mo ní, "Màá, èyí máa ṣe é." N ò yí páálí rẹ̀ padà. Lẹ́tà wíńníwíńní wà lẹ́yìn rẹ̀: 60W, ìyẹn bí iná tó lè gbé ṣe pọ̀ tó, àti 480 Mbps, ìyẹn bó ṣe lè yára gbé fáìlì tó. Wáyà ṣájà lásán ni. Ó ń gbé iná, ó sì lè gbé fáìlì díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò lè gbé àwòrán láti láptọ́ọ̀pù lọ sójú mọ́nítọ̀.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo. Ó rọra gbé wáyà náà sórí káńtà níwájú mi, ó ní, "Ẹ sọ pé ó máa ṣe é. Mo gbà yín gbọ́." Ara mi bù máṣọ. Lójú gbogbo oníbàárà ni ọ̀gá mi ti jáde, ó ní, "Ṣé o ò mọ ohun tí ò ń tà ni?" Ọ̀gá tí kò jókòó tì mí fún ìṣẹ́jú 10 rí! Ẹni tí wọ́n ní ó wá kọ́ wa níṣẹ́ ńkọ́? Odindi òwúrọ̀ ló fi kọ́ wa bí a ṣe máa fi wáráńtì kún ọjà. Nígbà tí mo bi í ní ìyàtọ̀ láàárín wáyà méjì, ó ní bákan náà ni gbogbo wọn. Irọ́ ni! Ọ̀rọ̀ wáráńtì yẹn pàápàá, ka ohun tí kò bò kí o tó tà á, torí ìwọ ni wọ́n máa wá bá tí fóònù bá kó sómi.

Nítorí náà, ẹ̀yìn páálí ni kí o máa kà. Tí o bá rí 480 Mbps lára wáyà USB-C, má tà á fún ẹni tó fẹ́ fi gbé àwòrán lọ sójú mọ́nítọ̀. Bèèrè irú láptọ́ọ̀pù tó ní pẹ̀lú, torí kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gbé àwòrán jáde. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ "mẹ́mọ́rì," bi í bóyá RAM ni, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, àbí ibi tó ń kó fọ́tò pa mọ́ sí. Ohun tí wọ́n bá kọ 100-240V sí lára, ìyẹn agbára iná tó lè gbà, kò séwu. Èyí tó jẹ́ 120V nìkan, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ síbi tí iná ti jẹ́ 230V, ó máa jó.

Ìyókù, wàá kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Tí èrò bá dín, máa mú páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o kà á. Tí wọ́n bá sì bi ọ́ ní ohun tí o ò mọ̀, sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò." Obìnrin yẹn ò kánjú rárá lọ́jọ́ tó wá. Ká ní mo ní kó dúró fún ìṣẹ́jú 5, ì bá dúró.