Abọ́ kì í mọ májèlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ mi ra abọ́ kan bọ̀ láti Japan, aláwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú, tí amọ̀kòkò ibẹ̀ ṣe bíi ti Ṣáínà àtijọ́. Ẹni tó tà á ní bí májèlé bá kàn án, yóò sán. Lánàá, mo bu ọbẹ̀ gbígbóná sí i, ó dún “tín!”, mo sì rí ìlà tuntun lára rẹ̀. Mo ti ń fura sí ọmọ tó ń bá mi dáná. Báwo ni mo ṣe lè dán abọ́ náà wò?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ọmọ yẹn kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá ti bá a wí, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí. Ooru ọbẹ̀ ló mú abọ́ yín dún.

Irọ́ yìí ti pẹ́. Láàfin Topkapı ní Istanbul, ní Turkey, níbi tí irú àwo Ṣáínà bẹ́ẹ̀ ju 1,000 lọ, ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ. Inú sì ń bí mi pé wọ́n ṣì ń fi tajà.

Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ló bo ara abọ́ náà: eérú àti òkúta lílọ̀ tí irin díẹ̀ wà nínú rẹ̀. A ó sun ún nínú iléru tí a kò jẹ́ kí atẹ́gùn tó nínú rẹ̀, títí ooru yóò fi tó 1,250 tàbí 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin tí ì bá pọ́n bí ìpẹtà yóò wá di àwọ̀ ewé. Seiji ni wọ́n ń pè é ní Japan. Bó ṣe ń tutù, amọ̀ ń súnkì, gíláàsì sì fẹ́ súnkì jù ú lọ. Ó wá le gan-an bí awọ ìlù tí a fà jù, ó sì sán. Bí mo bá kó tèmi jáde nínú iléru, ó lè máa dún “tín, tín” fún ọjọ́ púpọ̀. Ọbẹ̀ gbígbóná nínú abọ́ tútù lè tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn amọ̀kòkò ọba ní Hangzhou, ní Ṣáínà, láyé ìdílé ọba Song Gúúsù (1127 sí 1279), mọ̀ọ́mọ̀ ń wá ìlà wọ̀nyẹn ni, torí ẹwà wọn. Miura Koheiji, amọ̀kòkò ọmọ erékùṣù Sado ní Japan, rí iṣẹ́ wọn ní Taipei, ní Taiwan, ó sì padà lọ lo amọ̀ pupa ìlú rẹ̀ lábẹ́ irú gíláàsì bẹ́ẹ̀. Ní 1997, Japan fi í jẹ Ìṣúra Alààyè Orílẹ̀-èdè, oyè fún ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọwọ́. Nakajima Hiroshi, amọ̀kòkò mìíràn, gba irú oyè náà ní 2007. Ọ̀rọ̀ májèlé kò sí nínú iṣẹ́ wọn rárá.

N kò fojú rí abọ́ yín, nítorí náà n kò lè búra fún un. Ẹ rọ omi sí i, kí ẹ gbé e sórí ìwé ìròyìn mọ́jú. Bí ìwé bá tutù, tàbí tí ẹ fi ìka kàn án tó dún pòkú, ó ti sán dénú. Ẹ má jẹun nínú rẹ̀ mọ́. Bí ó bá yè, ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án kí ẹ tó bu nǹkan gbígbóná sí i, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọbẹ̀ sùn sínú rẹ̀, torí epo yóò wọ inú ìlà, yóò sì máa rùn.

Bí ara bá ń ṣe yín lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ.